AAGO AKÀSẸ́YÌN LÓJÚ PÁTÁKÓ ILÉ: ÌTUMỌ̀ RẸ̀, ÌPÍN RẸ̀ ÀTI ÌLÒ RẸ̀

Ẹ̀kọ́ tí a fẹ́ bá yín ṣe lọ́dún yìí jẹ mọ́ àsìkò àti bí a ṣe ń kà á. Ní ilé púpọ̀ lónìí, pàápàá ní ilé àwọn ọmọ wa tó wà ní òkè òkun, kọ̀ǹpútà ni ó ń tan iná tí ó sì ń pa á, òun ni ó ń ṣọ́ ilẹ̀kùn, òun náà ni ó sì ń sọ fún onílé pé ìṣẹ́jú báyìí ló kù kí iṣẹ́ kan parí. Wọ́n á gbé pátákó kan tó ń tàn kọ́ ara ògiri, nọ́ńbà á máa lọ sílẹ̀ lójú rẹ̀: 10, 9, 8, títí yóò fi di òdo. Ọmọdé fẹ́ràn láti máa wò ó, àgbà náà sì ń fi ọkàn tán an.

Fífi ọkàn tán an yìí ni ó mú wa kọ ẹ̀kọ́ yìí. Nọ́ńbà kì í parọ́ bí ènìyàn ṣe ń parọ́, ṣùgbọ́n ó lè ṣi ẹni tí kò mọ ibi tí nọ́ńbà náà ti wá lọ́nà. Ìkòkò lè jóná, omi lè kún táǹkì kí ó sì máa ṣàn sílẹ̀, aláàwẹ̀ sì lè ṣínu kí oòrùn tó wọ̀, nítorí nọ́ńbà kan tí a kò bi léèrè. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni a fẹ́ kí ẹ mú lọ: kí ẹ tó gba nọ́ńbà náà gbọ́, ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tí ó jẹ́ ìyókù rẹ̀. A pín ẹ̀kọ́ náà sí ìpín 7, ìbéèrè sì wà ní ìparí rẹ̀.

ÌPÍN KÌÍNÍ: ÌTUMỌ̀

Gẹ́gẹ́ bí àṣà wa nínú kéú, ìtumọ̀ ni a ó fi bẹ̀rẹ̀: ìtumọ̀ ní ti èdè, lẹ́yìn náà ìtumọ̀ ní ti ìlò.

Ní ti èdè, àwọn Lárúbáwá ń pe irú kíkà yìí ní al-addu t-tanaazuli. Al-addu ni kíkà. Tanaazul wá láti ara nazala, èyí tí í ṣe pé ó sọ̀kalẹ̀. Nítorí náà, kíkà tó ń sọ̀kalẹ̀ ni ìtumọ̀ rẹ̀. Àwa pè é ní àkàsẹ́yìn, nítorí pé ẹni tó ń kà á bẹ̀rẹ̀ láti iye tó pọ̀, ó sì ń padà sẹ́yìn títí ó fi dé òdo.

Ní ti ìlò, aago akàsẹ́yìn ni aago tí kì í sọ fún wa pé aago mélòó ni ó lù, bí kò ṣe pé àsìkò mélòó ni ó kù kí ohun kan ṣẹlẹ̀. Pátákó ilé sì ni ojú ẹ̀rọ kan, ìbáà jẹ́ fóònù, tablet tàbí tẹlifíṣọ̀n, tí a kó ìròyìn gbogbo ẹ̀rọ inú ilé jọ sí, kí onílé lè rí wọn lẹ́ẹ̀kan náà.

Oríṣiríṣi ètò kọ̀ǹpútà ni ó ń ṣe iṣẹ́ yìí. Èyí tí a ó máa fi ṣe àpẹẹrẹ ni Home Assistant, tí Paulus Schoutsen, ọmọ orílẹ̀-èdè Netherlands, bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2013. Ọ̀fẹ́ ni, ẹnikẹ́ni ló lè yẹ inú rẹ̀ wò kí ó rí bí wọ́n ṣe kọ ọ́, kọ̀ǹpútà kékeré bíi Raspberry Pi, tí ènìyàn lè gbé sí àtẹ́lẹwọ́, sì tó láti gbé e ró. Ẹ fi ìyàtọ̀ yìí sọ́kàn láti ìsinsìnyí lọ: kọ̀ǹpútà ni ó ń ṣàkóso ilé, pátákó kàn ń gba ẹnu rẹ̀ sọ̀rọ̀ ni. Bí a bá pa pátákó, kọ̀ǹpútà ṣì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n bí kọ̀ǹpútà bá kú, ohun tí pátákó bá ń wí kò ní ìdí mọ́.

ÌPÍN KEJÌ: ÌTÀN RẸ̀ NÍ KÚKÚRÚ

Kì í ṣe ayé kọ̀ǹpútà ni ènìyàn ti bẹ̀rẹ̀ sí ka ìyókù àsìkò. Al-Jazari, onímọ̀ ẹ̀rọ tó ṣiṣẹ́ ní ààfin àwọn ọba Artuq ní Diyarbakir, parí ìwé rẹ̀ lórí àwọn ẹ̀rọ àràmàǹdà ní ọdún 1206. Nínú ìwé náà ni ó ti ṣàlàyé aago olómi àti aago alábẹ́là. Bí àbẹ́là ṣe ń jó ni ó ń kúrú, bọ́ọ̀lù irin kékeré á sì máa já bọ́ láti fi hàn pé wákàtí ti kọjá. Ẹ wo ọgbọ́n tó wà níbẹ̀: ẹni tó bá ń wo aago náà á fi ojú rí bí àsìkò ṣe ń lọ, ẹni tí kò wò ó á gbọ́ ìró bọ́ọ̀lù náà. Iṣẹ́ 2 ni aago náà ń ṣe, fífi hàn àti pípe ènìyàn. A ó padà sórí ọ̀rọ̀ yìí ní ìpín keje.

Ní ti kíkà 10, 9, 8 kí rọ́kẹ́ẹ̀tì tó gbéra, fíìmù àwọn ará Jámánì kan ni ó sọ ọ́ di ohun tí gbogbo ayé mọ̀. Orúkọ fíìmù náà ni Frau im Mond, Fritz Lang ni ó ṣe é ní ọdún 1929. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn tó ń fi rọ́kẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́ sójú ọ̀run ní tòótọ́ wá ń lò ó.

ÌPÍN KẸTA: ÒPÓ 4 TÍ AAGO YÌÍ DÚRÓ LÉ

Ohun 4 ni ó wà nínú gbogbo àkàsẹ́yìn, a ó sì fi orúkọ tí ẹ ti mọ̀ nínú kéú pè wọ́n.

1. Ìbẹ̀rẹ̀, èyí tí í ṣe mabda. Ìgbà tí a tẹ bọ́tìnnì ni.
2. Gígùn àsìkò, èyí tí í ṣe mudda. Bí a bá sọ pé ìṣẹ́jú 25, mudda nìyẹn.
3. Òpin tí a dá, èyí tí í ṣe ajal. Ẹni tó ti kọ́ nípa gbèsè mọ ọ̀rọ̀ yìí: ọjọ́ tí a dá fún sísan owó ni ajal rẹ̀.
4. Ìyókù, èyí tí í ṣe baaqi. Ẹni tó ti ṣe ìṣirò ogún mọ òun náà: ohun tó ṣẹ́kù lẹ́yìn tí a bá ti yọ ìpín àwọn tí ìpín wọn ti dúró gbọn-in kúrò.

Ìbéèrè wá nìyí: nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, èwo ni kí ẹ̀rọ tọ́jú? Akẹ́kọ̀ọ́ púpọ̀ á dáhùn pé baaqi ni, kí ó mú un dání, kí ó sì máa yọ 1 kúrò nínú rẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Ìdáhùn náà kò tọ̀nà. Ajal ni kí ẹ̀rọ tọ́jú, nítorí pé baaqi ń yí padà nígbà gbogbo, ajal kì í yí. Nígbàkígbà tí a bá fẹ́ mọ baaqi, kí a yọ ìsinsìnyí kúrò nínú ajal. Òfin yìí ni ìpìlẹ̀ gbogbo ẹ̀kọ́ wa.

Ẹ jẹ́ kí á fi àpẹẹrẹ gbé e jáde. Ká ní aago 4:10 ìrọ̀lẹ́ ni a tan ẹ̀rọ tó ń fa omi sínú táǹkì, ìṣẹ́jú 25 sì ni a fún un. Ajal rẹ̀ ni 4:35. Pátákó kìíní kàn ń yọ 1 ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan ni. Nígbà tó di 4:15, ó kọ 20, òótọ́ sì ni. Ojú tablet wá sùn, bí wọ́n ṣe máa ń sùn láti fi bátìrì pamọ́. Ní 4:30 ẹnì kan fọwọ́ kàn án, ó jí, ó sì tẹ̀síwájú láti ibi tó dé dúró: ìṣẹ́jú 20. Bẹ́ẹ̀, ìṣẹ́jú 5 péré ni ó kù. Bí onílé bá gbà á gbọ́, 4:50 ni yóò dìde lọ pa ẹ̀rọ, omi yóò sì ti ṣàn sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15.

Pátákó kejì, ajal ni ó mọ̀. Nígbà tó jí ní 4:30, ó yọ 4:30 kúrò nínú 4:35, ó rí 5. Ó sùn o, kò sùn o, ìdáhùn rẹ̀ kò yàtọ̀. Kì í ṣe tablet nìkan ni ó ń sùn báyìí. Àwọn ètò tí a fi ń wo ojú ewé íntánẹ́ẹ̀tì pàápàá máa ń mọ̀ọ́mọ̀ dín iṣẹ́ ojú ewé tí ènìyàn kò wò kù, kí ó má baà jẹ agbára kọ̀ǹpútà.

Bí Home Assistant ṣe ń ṣe é náà nìyẹn. Bí aago bá ti ń lọ, ajal ni ó kọ sílẹ̀, ó sì pè é ní finishes_at. Ó kọ baaqi náà sílẹ̀ ní orúkọ remaining, ṣùgbọ́n kì í yí i padà ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Ìgbà tí ipò aago bá yí padà nìkan ni ó ń tún un kọ. Pátákó ni ó ń ṣe ìyọkúrò fúnra rẹ̀ tí ó sì ń yí nọ́ńbà padà lójú wa. Ẹni tí kò mọ èyí á mú remaining gbé sójú pátákó, á sì rí i pé nọ́ńbà náà dúró gbagidi sí ojú kan, á ní ẹ̀rọ bàjẹ́. Ẹ̀rọ kò bàjẹ́. Ẹni náà mú baaqi níbi tí ó yẹ kí ó mú ajal ni.

ÌPÍN KẸRIN: IPÒ 3 ÀTI Ọ̀NÀ 2 TÍ Ó Ń GBÀ DÓPIN

Ipò 3 ni aago yìí lè wà. Ipò kìíní ni pé kò ṣiṣẹ́, kò sí ohun tó ń kà. Ipò kejì ni pé ó ń kà. Ipò kẹta ni pé a dá a dúró díẹ̀. Nígbà tí a bá dá a dúró, ajal kò sí mọ́, nítorí a kò mọ ìgbà tí a óò tún bẹ̀rẹ̀. Baaqi nìkan ni ó kù lọ́wọ́ wa. Bí a bá tún bẹ̀rẹ̀, a ó ṣírò ajal tuntun. Nínú àpẹẹrẹ wa, bí a bá dá aago náà dúró ní 4:20, ìṣẹ́jú 15 ni ó kù. Bí a bá tún tan án ní 4:50, ajal tuntun ni 5:05.

Ọ̀nà 2 ni ó ń gbà dópin, ibí yìí sì ni ó yẹ kí a dúró lé díẹ̀. Ọ̀nà kìíní ni pé kí ó parí. Bí ó bá parí, kọ̀ǹpútà á kéde ìparí náà fún gbogbo ilé, ohunkóhun tí a bá so mọ́ ìkéde yìí á sì ṣẹlẹ̀: ẹ̀rọ omi á kú, fóònù á dún. Ọ̀nà kejì ni pé kí a fagi lé e. Bí a bá fagi lé e, kò sí ìkéde ìparí rárá. Ọmọdé kan tó ń ṣeré lè fọwọ́ kan bọ́tìnnì ìfagilé lójú pátákó. Nọ́ńbà á pòórá, onílé á rò pé iṣẹ́ ti parí, ẹ̀rọ omi á sì máa fa omi lọ títí, nítorí pé ìparí nìkan ni a so pípa rẹ̀ mọ́. Nítorí náà, ẹni tó bá so pípa ẹ̀rọ mọ́ ìparí, kí ó so ó mọ́ ìfagilé pẹ̀lú.

ÌPÍN KARÙN-ÚN: KÍ NI À Ń KÀ GAN-AN?

Òkè yìí ni ìṣirò. Ìsàlẹ̀ yìí ni òye. Àkàsẹ́yìn 3 lè wà lójú pátákó kan náà, kí ìrísí wọn jọra, kí ìdájọ́ wọn má sì jọra rárá.

(a) Èyí tí oòrùn tàbí àdéhùn dá. Àpẹẹrẹ rẹ̀ ni àsìkò ìrun, ìgbà ìṣínu, tàbí ìgbà tí ọkọ̀ yóò gbéra. Àwa kọ́ ni a yan mudda rẹ̀. Ajal ni ó wà ṣáájú, mudda sì ti ara rẹ̀ wá. Home Assistant ní apá kan tí ó ń fún onílé ní àsìkò ìrun ojoojúmọ́, pátákó sì lè fi ìyókù rẹ̀ hàn. Ṣùgbọ́n ohun 2 ni ó lè ba èyí jẹ́. Èkíní ni ìlú tí a kọ sínú ẹ̀rọ. Dígírì 1 ni ayé ń yí ní ìṣẹ́jú 4. Láti Èkó dé Maiduguri, ní ti ìlà òòró ilẹ̀, fẹ́rẹ̀ẹ́ tó dígírì 10, nítorí náà nǹkan bí ìṣẹ́jú 40 ni ó wà láàárín wọn lórí èyí nìkan. Ẹni tó wà ní Èkó tí ẹ̀rọ rẹ̀ rò pé Maiduguri ni òun wà yóò ṣínu nígbà tí oòrùn ṣì wà lókè. Èkejì ni ìlànà ìṣirò. Fún Àsùbáà, ìlànà Muslim World League ń lo dígírì 18 tí oòrùn fi wà nísàlẹ̀ ilẹ̀, ti ISNA ní Amẹ́ríkà ń lo dígírì 15. Ìyàtọ̀ dígírì 3 yìí kò lè dín ní ìṣẹ́jú 12. Nítorí náà, kí onílé bi àlúfáà mọ́ṣálásí rẹ̀ léèrè ìlànà tí wọ́n ń lò, kí ó tó gbé nọ́ńbà kọ́ ògiri fún aráalé.

(b) Èyí tí ń lọ láìdúró de ẹnikẹ́ni. Àpẹẹrẹ rẹ̀ ni ẹ̀wà tí a gbé ka gáàsì. Ìṣẹ́jú 50 tí a fún un, ìfojúdá ni, nítorí pé ẹ̀wà líle àti ẹ̀wà rírọ̀ kì í jinná ní ìgbà kan náà. Ohun tó ṣe pàtàkì jù ni pé aago náà kò lè pa gáàsì. Ènìyàn nìkan ló lè pa á. Àjọ tó ń rí sí ìdènà iná ní Amẹ́ríkà, NFPA, ti kọ ọ́ pé oúnjẹ sísè ni ó ń fa iná ilé jù lọ ní orílẹ̀-èdè náà, àti pé fífi ìkòkò sílẹ̀ lórí iná láìsí ẹni tó ń ṣọ́ ọ ni ó ṣáájú nínú ohun tó ń fà á. Aago kò sọ ẹni tó jáde nílé di ẹni tó wà nílé. Àwọn àgbà ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Aago kì í ṣe àgbà o, ó kàn ń pe àgbà ni.

(d) Èyí tí iṣẹ́ ń kà. Àpẹẹrẹ rẹ̀ ni omi tí à ń fà. Bí táǹkì bá gba lítà 1,000, tí ẹ̀rọ sì ń gbé lítà 40 wá ní ìṣẹ́jú kan, ìṣẹ́jú 25 ni yóò kún. Ṣùgbọ́n bí iná bá rẹ̀ sílẹ̀ tàbí tí omi kàǹga bá fà sẹ́yìn, tí ẹ̀rọ náà kò gbé ju lítà 25 lọ mọ́, yóò gbà á ní ìṣẹ́jú 40. Òdo á yọ lójú pátákó, táǹkì á sì kù díẹ̀ kí ó tó ìdá méjì nínú mẹ́ta. Bí ó bá sì jẹ́ pé omi wà nínú táǹkì tẹ́lẹ̀, yóò kún kí òdo tó yọ. Omi ni à ń wá, kì í ṣe ìṣẹ́jú. Ìdí nìyí tí ohun tó ń léfòó nínú táǹkì, tó ń pa ẹ̀rọ nígbà tí omi bá gbé e dé òkè, fi sàn ju aago lọ fún pípa ẹ̀rọ. Kí aago jẹ́ ẹ̀ṣọ́ kejì, bí ìlẹ́fòó bá há.

ÌPÍN KẸFÀ: BÍ INÁ MÀNÀMÁNÁ BÁ LỌ

Ìpín 3 tí a ṣe lókè yìí ni yóò jẹ́ kí a mọ ohun tí ó yẹ kí aago ṣe nígbà tí iná bá lọ. A rò pé kọ̀ǹpútà wà lórí inverter, tí kò sì kú. Fún (a), kí aago máa lọ, nítorí oòrùn kò dúró de iná. Fún (b), kí aago máa lọ, nítorí gáàsì ń jó lọ bó ti wà. Fún (d), kí aago dúró, nítorí ẹ̀rọ omi ti dúró. Bí aago (d) bá ń lọ nínú òkùnkùn, òdo á yọ, omi kò ní pé. Bí aago (b) bá sì dúró nínú òkùnkùn, nọ́ńbà á sọ pé ó ku ìṣẹ́jú 30, ìkòkò á sì ti di èédú. Iná kan náà ni ó lọ, aago 2 ni ó wà, ìdájọ́ wọn sì takora. Ẹni tó bá kọ òfin kan ṣoṣo fún gbogbo aago ilé rẹ̀ ti ṣi ọ̀kan nínú wọn.

Bí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ bá kú ńkọ́? Nínú Home Assistant, bí a kò bá yan ohun tí wọ́n ń pè ní restore fún aago kan, aago náà á padà sí ipò àìṣiṣẹ́ nígbà tí a bá tún kọ̀ǹpútà tan, bí ẹni pé a kò bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ rí. Bí a bá yàn án, á rántí ajal rẹ̀. Bí ajal bá ti kọjá nígbà tí ó kú, á kéde ìparí bí ó bá ti jí.

Ṣùgbọ́n rírántí ajal kò tó, bí kò bá mọ ìsinsìnyí. Àwọn Raspberry Pi tó ṣáájú èyí tó jáde ní ọdún 2023 tí wọ́n ń pè ní Pi 5 kò ní aago oníbátìrì nínú. Pi 5 ní i, bátìrì rẹ̀ ni a gbọ́dọ̀ fi kún un. Bí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ bá kú tó sì jí, àsìkò àtijọ́ ni yóò mú dání títí yóò fi bá íntánẹ́ẹ̀tì sọ̀rọ̀ kí ó tó mọ aago mélòó ló lù. Ká ní ajal jẹ́ 4:35, ẹ̀rọ jí ní 4:50, íntánẹ́ẹ̀tì kò sí, ó sì rò pé 4:12 ni. Yóò yọ ọ́, yóò sì kọ ọ́ gàdàgbà pé ó ku ìṣẹ́jú 23. Ìṣirò rẹ̀ péye, àbájáde rẹ̀ kò tọ̀nà. Nítorí náà, kọ̀ǹpútà tó ń ṣàkóso ilé àti ẹ̀rọ tó ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì wá ni kí a kọ́kọ́ fi sórí inverter, kí tẹlifíṣọ̀n tó kàn.

Ohun kan tún wà nípa súìṣì tí kọ̀ǹpútà fi ń tan ẹ̀rọ omi. Púpọ̀ nínú wọn ni a lè yan ohun tí wọn yóò ṣe bí iná bá dé: kí wọn tàn, kí wọn má tàn, tàbí kí wọn padà sí bí wọ́n ṣe wà. Fún ẹ̀rọ omi, ẹ yan kí ó má tàn, kí ó má baà jẹ́ pé iná á dé ní òru, ẹ̀rọ á sì máa fa omi láìsí aago tó ń ṣọ́ ọ. Ẹ jẹ́ kí oníṣẹ́ iná mànàmáná yan súìṣì náà fún yín pẹ̀lú. Ẹ̀rọ omi tí agbára rẹ̀ jẹ́ 1 horsepower ń jẹ wáàtì 746 ó kéré tán, iná tó sì ń fà nígbà tó bá ń gbéra ju èyí lọ ní ìlọ́po. Súìṣì tí a ṣe fún gílóòbù lè jó.

ÌPÍN KEJE: BÍ A ṢE Ń GBÉ E SÓJÚ PÁTÁKÓ

Nígbà tí gbogbo èyí bá ti dúró dáadáa, gbígbé e sójú pátákó kò le mọ́. Àwọn ìlànà rẹ̀ nìyí:

1. Kí orúkọ ohun tí à ń kà wà lókè nọ́ńbà. «12:40» nìkan kò yé ẹnikẹ́ni. «Ẹ̀wà lórí gáàsì: 12:40» yé ìyá, ó yé ọmọ.

2. Kí a kọ ajal sí abẹ́ baaqi: «Yóò parí ní 4:35». Bí pátákó bá sùn tàbí tí ó há, ẹni tó bá rí 4:35 lè wo aago ọwọ́ rẹ̀ kí ó sì mọ òótọ́. Bí a bá ní kí ẹ yan ìlànà kan ṣoṣo nínú gbogbo rẹ̀, èyí ni kí ẹ mú.

3. Kí aago tí kò ṣiṣẹ́ má hàn rárá. Home Assistant ní ọ̀nà tí a fi lè sọ pé kí nǹkan hàn kìkì nígbà tí aago bá ń kà. Òdo 6 tó tò lójú pátákó láti àárọ̀ dalẹ́ á mú kí ojú sú ènìyàn, ọjọ́ tí ọ̀kan bá sì ń kà, kò sẹ́ni tí yóò rí i.

4. Kí ìṣẹ́jú àáyá má hàn títí yóò fi ku díẹ̀. Ohun tó ku wákàtí 3, ìṣẹ́jú ni kí a fi kà á. Àáyá tó ń sáré ń da ọkàn láàmú láìní èrè.

5. Kí a fi ìlà gbọọrọ tó ń kúrú ti nọ́ńbà lẹ́yìn, nítorí ìyá àgbà tí kò mọ nọ́ńbà kà, àti nítorí ẹni tó ń wò ó láti òkèèrè. Kí ó má jẹ́ àwọ̀ nìkan ni a fi sọ̀rọ̀, nítorí àwọn kan wà tí ojú wọn kì í ya pupa sọ́tọ̀ kúrò lára àwọ̀ ewé.

6. Kí bọ́tìnnì ìfagilé má sún mọ́ ibi tí ọwọ́ ọmọdé tó. Kí ó máa béèrè pé «Ṣé lóòótọ́ ni?» kí ó tó ṣe é.

7. Kí ìró wà pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ rántí bọ́ọ̀lù irin Al-Jazari. Pátákó wà ní pálọ̀, ìkòkò wà ní ilé ìdáná, ẹni tó ń se oúnjẹ sì lè wà lẹ́yìnkùlé. Kí fóònù rẹ̀ dún. Bí ìṣẹ́jú 2 bá kọjá tí kò dáhùn, kí fóònù ẹlòmíràn nínú ilé dún. Aago tí ó dé òdo tí kò sẹ́ni tó gbọ́, kò yàtọ̀ sí èyí tí a kò tan.

ÀKÓTÁN

Kí a má fi ọ̀rọ̀ gùn, ohun tí a kọ́ kò ju 3 lọ. Kí ẹ̀rọ tọ́jú ajal, kí ó sì máa ṣírò baaqi. Kí onílé mọ̀ bóyá oòrùn ni à ń kà, tàbí iná, tàbí iṣẹ́, nítorí ohun tí kálukú ń ṣe bí iná bá lọ kò dọ́gba. Kí ẹnì kan sì wà tí yóò dìde nígbà tí òdo bá yọ. Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ mọ kọ̀ǹpútà, ilé àwọn òbí yín ni kí ẹ ti kọ́kọ́ lo ẹ̀kọ́ yìí. Ẹ má kàn gbé nọ́ńbà kọ́ ògiri fún wọn kí ẹ sì padà sí ìlú tí ẹ ti wá. Ẹ jókòó, ẹ ṣàlàyé fún wọn ohun tí nọ́ńbà náà jẹ́ ìyókù rẹ̀. Ọlọ́hun á jẹ́ kí ìmọ̀ wa ṣe wá ní àǹfààní.

ÌBÉÈRÈ FÚN AKẸ́KỌ̀Ọ́

1. Kí ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín ajal àti baaqi? Èwo ni kí ẹ̀rọ tọ́jú, kí sì ni ìdí rẹ̀?

2. A gbé ẹ̀wà kaná ní 11:40 òwúrọ̀, ìṣẹ́jú 50 ni a fún un. Tablet tó kàn ń yọ 1 ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan sùn ní 11:50, ó jí ní 12:15. Mélòó ni yóò kọ, mélòó sì ni ó kù ní tòótọ́?

3. Táǹkì kan gba lítà 1,500, ẹ̀rọ ń gbé lítà 30 wá ní ìṣẹ́jú kan. Kí ni mudda rẹ̀? Bí ó bá dín sí lítà 20, ìṣẹ́jú mélòó ni omi yóò kù kí ó kún nígbà tí òdo bá yọ?

4. Iná lọ nígbà tí ẹ̀wà wà lórí gáàsì tí omi sì ń wọ táǹkì. Èwo nínú aago méjèèjì ni kí ó dúró, èwo ni kí ó máa lọ? Ṣàlàyé.

5. Ìlú 2 wà, dígírì 6 ni ó wà láàárín wọn láti ìlà oòrùn sí ìwọ̀ oòrùn. Níbo ni oòrùn yóò ti kọ́kọ́ wọ̀, ìṣẹ́jú mélòó sì ni yóò fi ṣáájú?

6. Ọmọ kan fagi lé aago ẹ̀rọ omi. Kí ni ó lè ṣẹlẹ̀, báwo ni a sì ṣe lè dènà rẹ̀?